Láìtì mẹ́ta, síbẹ̀ àwòrán pẹlẹbẹ: báwo lẹ ṣe ń tan iná sí ara dúdú ní sítúdíò?

ỌmọOlódòỌ̀ṣun (Òṣogbo)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́. Òde ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń yà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá ni mo gba yàrá kan tí mo sọ di sítúdíò, torí ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n máa ya ara ènìyàn lódindi láti orí dé ẹsẹ̀: bí ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń nà, bí iṣan ṣe ń yọ nígbà tí èèyàn bá ń jó.

Oníjó kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbà kí n ya òun. Ó ró àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ́ àyà. Mo gbé láìtì LED mẹ́ta kalẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lókè orí mi, gbogbo wọn pẹ̀lú agboòrùn funfun. Mo kó igbá fínfín, ìlù bàtà, àpótí, dígí àti òdòdó yí i ká.

Ohun tó jáde kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Obìnrin tó dúdú tó ń dán bíi kóró iṣin lójú lásán, nínú fọ́tò ó dà bí ẹni pé wọ́n da eérú lé e lára. Igbá funfun báláú, kò sí ọnà kankan lára rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹ̀ wá pẹlẹbẹ bí àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo fi kún iná, mo dín in kù, ibì kan náà ló ń já sí. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

BàbáSítúdíò (Ìbàdàn)

Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ lóhùn, báwo ni yàrá náà ṣe tóbi tó? Àwọ̀ wo lo kun ògiri àti àjà? Báwo ni oníjó náà ṣe jìnnà sí aṣọ ẹ̀yìn tó? Káàmẹ́rà ńkọ́, ìwọ lo ń yan ìmọ́lẹ̀ fún un àbí òun ló ń yàn fúnra rẹ̀?

ỌmọOlódòỌ̀ṣun

Ẹ ṣé, sà. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 14 ní gígùn ni yàrá náà. Funfun ni mo kun ògiri àti àjà, mo rò pé sítúdíò gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Aṣọ ẹ̀yìn dúdú ni mo ta, oníjó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì í. Láìtì ọ̀tún àti tòsì jìnnà sí i tó mítà kan àbọ̀, agbára wọn sì dọ́gba. Káàmẹ́rà ló ń yàn fúnra rẹ̀, sà.

ÒjìjiTútù (Èkó)

Àǹtí, ìdáhùn ti wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn.

Láìtì méjì tó dọ́gba, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì: òjìji tí èyí bá dá, èkejì á pa á rẹ́. Ẹ̀kẹta tó wà lókè orí yín wá gbá ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lọ. Bẹ́ẹ̀ òjìji ló ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé ara yípo. Kòtò ọrùn, egungun èjìká, ojú ọ̀nà tó gba àárín ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, òjìji ló ń fi gbogbo wọn hàn wá. Ògiri funfun tó yí yín ká náà ò tún gbádùn: ó ń da iná padà láti gbogbo ọ̀nà, láìtì mẹ́ta yín ti di mẹ́fà.

Ẹ pa méjì. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti pa ohun tá a fowó rà, àmọ́ ẹ pa wọ́n. Ẹ fi aṣọ dúdú bo ògiri tó wà ní òdìkejì láìtì tó kù. Ẹ gbé láìtì náà sí ẹ̀gbẹ́ oníjó, kó ga ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀, kó máa wo ìsàlẹ̀ bí oòrùn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ ẹ tó tẹ káàmẹ́rà rárá, ẹ ní kí oníjó máa yí díẹ̀díẹ̀ níwájú iná, kẹ́ ẹ̀yin kàn máa wò ó. Ó máa kan ibì kan tí ìmọ́lẹ̀ á fà gbọọrọ láti èjìká dé ìbàdí, bí ìgbà téèyàn fi ìka kan ṣoṣo fa òróró sí ara. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eérú yẹn, torí ó ń dùn mí tí mo bá rí àwòrán àwọn èèyàn wa tí wọ́n yà báyẹn. Ara tó pupa tàbí tó funfun máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sí gbogbo ọ̀nà, ìyẹn ló fi ń mọ́lẹ̀ kárí. Ara dúdú ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. Ohun tó wá ń hàn sí wa jù lára rẹ̀ ni dídán, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó kọ lu ojú awọ tó sì ta padà bó ṣe ń ta padà lójú omi. Bẹ́ ẹ bá da iná lù ú láti iwájú, tẹ́ ẹ sì ń fi kún un kó lè mọ́, dídán á sọnù, àwọ̀ á ṣá. Ẹ jẹ́ kó dúdú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa dán lára rẹ̀ lẹ ń wá, ẹ kì í wá bẹ́ ẹ ṣe máa fi ìmọ́lẹ̀ bò ó.

Bí ojú iná bá ṣe fẹ̀ tó náà ni dídán á ṣe fẹ̀ tó. Gílóòbù ṣákálá á fi àmì funfun kan bí ẹyọ owó síwájú orí. Softbox, ìyẹn àpótí aṣọ tí wọ́n fi ń bo láìtì kí iná rẹ̀ lè fẹ̀ kó sì rọ̀, tó bá ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, á fi ìlà gígùn sí i lára. Bẹ́ ẹ ò bá ní softbox ńlá, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́tìnì sí àárín láìtì àti oníjó, ẹ fa láìtì sẹ́yìn títí iná á fi kún ojú aṣọ náà. Aṣọ yẹn ti di láìtì yín nìyẹn, ó sì tóbi ju èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Lórí jíjìnnà: bí iná bá wà ní mítà kan sí oníjó, tẹ́ ẹ sún un sí mítà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa dé ara rẹ̀, kì í ṣe ìdajì. Tó bá di mítà mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ẹ fi èyí ṣe aṣọ ẹ̀yìn lóore. Bí oníjó bá sún mọ́ iná, tí aṣọ ẹ̀yìn sì jìnnà sí i, aṣọ á ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, kò ní sí òjìji kankan lórí rẹ̀. Yàrá yín kéré lóòótọ́. Ẹ má ta aṣọ náà sára ògiri, ẹ ta á sí igun, kẹ́ ẹ wá máa yà láti igun kejì. Láti igun sí igun, yàrá yẹn á tó mítà márùn-ún àbọ̀. Oníjó á fi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin á ní nǹkan bíi mẹ́ta níwájú, lẹ́ńsì 50mm lórí káàmẹ́rà full-frame (èyí tí ojú tó fi ń gba àwòrán tóbi bíi ti fíìmù 35mm) á sì gba odindi ènìyàn láìsí wàhálà, tẹ́ ẹ bá gbé káàmẹ́rà dúró lóòró. Ẹ gbé káàmẹ́rà sí ọ̀gangan ìbàdí rẹ̀. Ẹni tó bá dúró tó ń yà látòkè, ẹsẹ̀ oníjó ló ń gé kúrú.

BàbáSítúdíò

ÒjìjiTútù ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Èmi fẹ́ fi ọ̀kan kún un lórí eérú náà. Ojú tí káàmẹ́rà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ó gbà pé àwọ̀ eérú àárín ni ayé. Ara dúdú níwájú aṣọ dúdú, ó rí i, ó ní ibí yìí ti ṣókùnkùn jù, ó bá ṣílẹ̀kùn fún ìmọ́lẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi di eérú bó ṣe fẹ́. Igbá tó funfun láàárín wọn ló jìyà ẹ̀, ó jóná. Gbé e sí manual, kí ìwọ fúnra rẹ máa yan ìmọ́lẹ̀. Fi igbá náà wọn ìmọ́lẹ̀: dín in kù títí ọnà ara igbá á fi hàn, kí o wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ara oníjó.

ÌyáÀtíkè (Abẹ́òkúta)

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i, torí ara tó gbẹ kò lè dán, iná ì báà jẹ́ ti wúrà.

Kí oníjó yín fi kànìnkànìn wẹ̀ dáadáa lálẹ́ tó ṣáájú, kó fi òrí pa ara kó sùn. Ní sítúdíò, kó da òróró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kó fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó wá fi kan èjìká, egungun àyà, apá àti ojúgun. Kó má pa á kárí. Ibi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń fẹ́ sinmi. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má nù ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dà bí òógùn, ẹ po omi àti glycerin ní ìdajì-ìdajì sínú ìgò tí wọ́n fi ń fín omi sí irun. Omi lásán á ṣàn lọ ni, glycerin ló ń jẹ́ kó dúró ní kíkán-kíkán.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn àtíkè kan tí wọ́n ń fi silica ṣe. Lójú lásán ẹ ò ní rí nǹkan kan, àfi tí fíláàṣì bá kọ, tí ojú á funfun tí ọrùn á dúdú. Ẹ fi fóònù yín ya ojú rẹ̀ pẹ̀lú fíláàṣì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa mọ̀.

Ohun kan tí àwọn ọkùnrin ayàwòrán kì í rántí: kó wọ aṣọ tó tú fún wákàtí méjì kó tó dé. Ojú ìlà rọ́bà aṣọ ìnú tàbí ti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kì í tètè kúrò lára, iná ẹ̀gbẹ́ tí ÒjìjiTútù ní kẹ́ ẹ lò yẹn á sì fà á yọ ketekete. Kẹ́ ẹ sì pa òróró tán kẹ́ ẹ tó ró àdìrẹ, torí òróró kì í kúrò lára ẹlẹ́kọ bọ̀rọ̀.

AláṣọÀrà (Ìlọrin)

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dáa. Tó bá wá dọ̀rọ̀ ẹrù tẹ́ ẹ kó yí oníjó ká, èmi ò ní ní kẹ́ ẹ kó o dànù. Ẹ kàn tún un yàn ni. Ẹ gbé ère ìbejì síbẹ̀, kó mú ìrùkẹ̀rẹ̀ dání, kẹ́ ẹ wá ta aṣọ eégún sẹ́yìn. Àwọ̀ á kún un, àwọn òyìnbó sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

BàbáSítúdíò

Rárá o. Èyí tí o sọ kẹ́yìn yẹn gan-an ló fà á tí mi ò fi gbà.

Ní sítúdíò tí mo ti kọ́ṣẹ́, ìyá kan mú ọmọ kan ṣoṣo wá sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ìbejì ni ọmọ náà, èkejì ti lọ kí wọ́n tó ya àwòrán pọ̀. Ọ̀gá mi fi ọmọ yẹn jókòó sórí àga, ó yà á, nínú yàrá òkùnkùn ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, àwọn ìbejì méjèèjì wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún èyí tó wà láàyè, wọ́n á tún un yà. Ó ti wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa nígbà yẹn, àwọn ìyá kan sì ń tọ́jú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ipò ère. Mo rántí bí ìyá yẹn ṣe gba ìwé náà: ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó kúnlẹ̀. Ẹni tó ti rí i rí kò lè gbé ère ìbejì sílẹ̀ kó kàn kún àyè.

Ọmọ mi, o kó igbá, ìlù, àpótí, dígí àti òdòdó síbẹ̀. Èwo ni kí ojú wò? Nígbà tiwa, àwọn oníbàárà ń di rédíò mú, wọ́n ń wọ aago ọwọ́ tó jẹ́ ti sítúdíò, nítorí wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwòrán bá wọn sọ fún ará ilé. Seydou Keïta, ayàwòrán ní Bamako ní ilẹ̀ Mali, tó ṣí sítúdíò rẹ̀ ní 1948, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán inú àgbàlá ló ń lò jù. Ibora ibùsùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe aṣọ ẹ̀yìn. Ó ń pààrọ̀ aṣọ yẹn lẹ́yìn ọdún díẹ̀-díẹ̀, débi pé aṣọ ló fi ń dá ọdún tó ya àwòrán mọ̀. Ẹ wo bí ohun kan ṣoṣo ṣe ń ṣiṣẹ́ ńlá.

Béèrè lọ́wọ́ oníjó náà pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. Ohun tí ọwọ́ bá mọ̀, ọwọ́ á dì í mú bó ṣe yẹ. Ohun tí ọwọ́ ò mọ̀, ìka á le gbagidi lára rẹ̀, gbogbo ayé á rí i.

Ará_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ká má fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, kí la máa sọ nípa ayàwòrán Rotimi Fani-Kayode? Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1955, ìdílé rẹ̀ sá wá sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1966, ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1983. Ara ọkùnrin dúdú nínú sítúdíò ni iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìbòjú, ìyẹ́, èso, ìlẹ̀kẹ̀, àwọn nǹkan ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1987 ó ya àwòrán kan tí orí idẹ bíi ti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ara ènìyàn. Ó kú ní 1989, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àwọn ayàwòrán dúdú tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, èyí tá a mọ̀ sí Autograph, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní. Mo ti dúró níwájú àwọn àwòrán yẹn. Nínú èyí tí mo rántí jù, ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ rárá, ó kàn fara kan èjìká àti ìbòjú, òkùnkùn ló gba ìyókù. Ẹ̀rù bà mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù tó dáa ni.

BàbáSítúdíò

Ọ̀rọ̀ rẹ wúwo, mo sì gbà á. Àmọ́ gbọ́ mi. Ọkùnrin yẹn, ìdílé tó mọ ohun tí nǹkan wọ̀nyẹn jẹ́ ló ti jáde wá, òun ló sì fúnra rẹ̀ ní ohun tó fẹ́ bá wọn sọ. Orí idẹ yẹn kò sí níbẹ̀ láti fi àwọ̀ kún un. Ohun tí mò ń bá AláṣọÀrà jà lé lórí ni ẹrù tí a kó wá torí pé ẹlòmíràn á fẹ́ràn ẹ̀.

AláṣọÀrà

Mo ti gbọ́, sà. Ẹ má bínú. Mo fa ère ìbejì àti aṣọ eégún padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ dáadáa, ìyẹn aṣọ. Aṣọ tó ń fò lójú òfuurufú ló rọrùn jù láti fi bá oníjó ṣe iṣẹ́. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì tàbí ṣífọ́ọ̀nù yáàdì márùn-ún, kí ẹnì kan jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó ju ú sókè, kó sì tètè jù ú sílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ tan láìtì kan láti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí káàmẹ́rà ò ti ní rí i. Aṣọ fẹ́lẹ́ máa ń gba iná láti ẹ̀yìn kọjá, á dà bí èéfín. Aṣọ òkè ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó wúwo jù, àmọ́ ẹ fi iná ẹ̀gbẹ́ wo sányán tàbí ẹtù kẹ́ ẹ rí i bí òwú kọ̀ọ̀kan ṣe máa yọ jáde. Tí iná bá ti iwájú wá, aṣọ òkè ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náìrà á dà bí àǹkárá.

Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun sí òfuurufú kí oníjó fò gba inú rẹ̀ kọjá. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ẹ má ṣe é nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12. Ìyẹ̀fun tó bá kún afẹ́fẹ́ lè gbaná lójijì tó bá kan gílóòbù gbígbóná tàbí wáyà tó ń ta pàrà, ó sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é.

ElérọIná (Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo LED, ṣé ẹ ti rí ìlà dúdú tó máa ń dábùú fọ́tò? Iná ìjọba tiwa, 50 Hz ni, ìyẹn ìyípo 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni iná ń rẹ̀ nínú ìyípo kan, nítorí náà LED tí wọn ò ṣe dáadáa á máa ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi shutter, ìyẹn àsìkò tí káàmẹ́rà fi ń ṣílẹ̀kùn fún ìmọ́lẹ̀, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, ìlà yẹn á lọ. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí ìyípo rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó ń lọ sókè sódò bí ẹrù bá ṣe wà lórí rẹ̀. Ẹ kó láìtì sórí ínfátà tàbí bátìrì.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá oníjó dúró lójú òfuurufú, LED kékeré ò ní tó, 1/100 á fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ìkùukùu. Fíláàṣì oníbátìrì ni kẹ́ ẹ wá. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrú ju shutter lọ fíìfíì, pàápàá tẹ́ ẹ bá lo díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Ọ̀kan péré tó.

ÌyáÀtíkè

Ó ku ohun kan tí kò sẹ́ni tó sọ. Kẹ́ ẹ tó fi òróró kan ara ẹnikẹ́ni, ẹ jọ jókòó kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aṣọ tó máa wọ̀, ibi tí ẹ máa gbé àwòrán sí, ibi tí ẹ ò ní gbé e sí, iye tẹ́ ẹ máa san fún un. Kó mú ẹnì kan tó fọkàn tán dání. Bó bá sọ láàárín iṣẹ́ pé èyí ò tẹ́ òun lọ́rùn, ẹ pa àwòrán náà rẹ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, èjìká rẹ̀ á gòkè wá bá etí, kò sí iná tó lè tún un ṣe.

ỌmọOlódòỌ̀ṣun

Ẹ kú ilé o. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi wọlé, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Mo fi aṣọ dúdú bo ògiri méjì. Mo pa láìtì méjì. Mo ta kọ́tìnì funfun gẹ́gẹ́ bí ÒjìjiTútù ṣe wí, mo ta aṣọ ẹ̀yìn sí igun. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ oníjó pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, kò tiẹ̀ ronú, ó ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́ ọ. Mo kó gbogbo ìyókù jáde síta.

Mo ní kó máa yí níwájú iná, mo sì jókòó sílẹ̀ mò ń wò ó. Ní ìgbà àkọ́kọ́ kò sí nǹkan kan. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí mi díẹ̀, ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sókè ẹ̀gbẹ́ orí, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí, ó gba èjìká, ó wọ inú kòtò ẹ̀yìn, ó sì parẹ́ síbi tí àdìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kóró kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ara rẹ̀ dúdú, ó dúdú gan-an, ó sì ń dán bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo gbàgbé láti tẹ káàmẹ́rà, òun ló rán mi létí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ó tún fẹ́ kí n ya òun pẹ̀lú igbá fínfín yẹn, àmọ́ ó ṣì ń funfun jù. Dígí náà sì ń fi láìtì hàn ní gbogbo ìgbà, ibi yòówù tí mo bá gbé e sí.

ÒjìjiTútù

Inú mi dùn dé ẹ̀yìn, Àǹtí.

Igbá: ẹ jẹ́ kó jìnnà sí iná ju ara oníjó lọ. Tí iná bá wà lápá òsì oníjó, kó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, bó tiẹ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kan péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ máa rí i. Ẹ tún lè yí láìtì díẹ̀ kó má dojú kọ igbá tààrà, kó jẹ́ pé etí ìmọ́lẹ̀ ló kàn án. Bí igbá yẹn bá tún funfun síbẹ̀, ẹ fi osùn tàbí omi tíì líle pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́, ọnà rẹ̀ á jáde. Àmọ́ ẹ dán an wò lábẹ́ ìdí igbá ná, kó má lọ bà jẹ́.

Dígí: igun tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé ló máa gbà jáde. Ẹ jókòó sí ipò káàmẹ́rà, kí ẹnì kan máa yí dígí náà, ẹ máa wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí láìtì, láìtì ò ní ṣàì wà nínú fọ́tò. Ẹ yí i títí ẹ ó fi rí aṣọ dúdú tàbí ojú oníjó. Yíyí tí kò ju ìbú ìka méjì lọ sábà máa ń tó. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá wà nínú dígí tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lójú wa ni dígí tó níṣẹ́ tó ń ṣe nínú àwòrán.

ỌmọOlódòỌ̀ṣun

Mo ṣe ti dígí yẹn lónìí. Ìka méjì lóòótọ́. Oníjó náà ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà.

Aṣọ dúdú tí mo fi bo ògiri kò tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mo ta sẹ́yìn ń dán níbi tó bá ti rúnjú. Irú aṣọ wo ni kí n rà, níbo?

BàbáSítúdíò

Àrán ni kí o rà, àrán dúdú, yáàdì mẹ́jọ. Irun ojú rẹ̀ máa ń gbé iná mì. Bí o bá lè wá sí Ìbàdàn, wọ ọjà Gbági láàárọ̀, àwọn aláṣọ ibẹ̀ ò ní bínú tí o bá ní kí wọ́n ṣí i wò. Gbé e jáde sójú oòrùn, kí o fi ọwọ́ fa irun rẹ̀ sísàlẹ̀, kí o tún fà á sókè. Bó bá dán níbi kan, fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí o bá sì rà á, ta á kí irun rẹ̀ máa kọjú sókè, á túbọ̀ dúdú sí i.